Ẹ Bi Bọ̀dá Mọ́tò: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Wo Abẹ́ Tírélà Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá, mo kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ tírélà díẹ̀ nínú ìdáhùn kan ni, àfi bíi pé mo fọwọ́ kan ilé oyin, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró mọ́. Mo ṣa mẹ́rin nínú ẹ̀. Káwọn ará ilé má baà ṣì mí gbọ́, tírélà tí mò ń wí yìí kì í ṣe gbàǹgbà tó ń kó sìmẹ́ńtì gba Ọ̀rẹ̀ kọjá tó máa ń dí ọ̀nà mọ́ wa o, pẹpẹ irin kékeré kan ni, kò lórùlé kò lógiri, táyà mẹ́rin ló ní, wọ́n á so ó mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, wọ́n á wa mọ́tò kan ṣoṣo gun orí ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, ọmọ Yorùbá tó bá ń ra mọ́tò ní ọ́kṣọ̀n, ó pẹ́ ni ó yá ni, á rò ó pé kóun náà ní tòun.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, lápá Alief. Mo máa ń ra mọ́tò ní Copart, ilé ọ́kṣọ̀n mọ́tò, méjì lóṣù, nígbà míì mẹ́ta, mò ń kó wọn lọ sí yáàdì àwọn tó ń bá wa fi ránṣẹ́ sí Èkó. Owó onítówìn ti fẹ́ pa mí, $150 lónìí, $200 lọ́la. Mo wá rí ọkùnrin kan lórí Facebook Marketplace tó ń ta tírélà ẹsẹ̀ bàtà 18 ní $1,500, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó ń dán gbinrin. Ó ní title ẹ̀ (ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ín) ti sọnù àmọ́ òun á kọ bill of sale (rìsíìtì) fún mi. Highlander 2015 ni mò ń wà, hook ti wà nídìí ẹ̀. Ṣé kí n rà á? Ó ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó lọ́la o. — Bàbá Ìbejì, Houston*

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì yẹn dé lọ́la, ẹ jẹ́ kó rà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tinú Highlander yín bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Highlander 2015 tó bá jẹ́ V6, 5,000 lb (páùn) ni Toyota ní kó fà, tírélà àtohun tó wà lórí ẹ̀ pa pọ̀ o, tó bá sì jẹ́ onípísítìnì mẹ́rin, 1,500 lb péré ni. Tírélà onírin ẹsẹ̀ bàtà 18, òun nìkan lófìfo, á tó nǹkan bíi 2,000 lb, ó lè dín díẹ̀ ó sì lè lé. Ẹ wá gbé Camry lé e, Camry sábà máa ń tó 3,200 lb. Ó ti ré kọjá 5,000 nìyẹn, ẹ ò tíì gbé wínṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa mọ́tò gun orí ẹ̀) sí i, ẹ ò tíì gbé sípíà táyà sí i. Tó bá wá jẹ́ RX 350 tàbí Sienna lẹ rà ńkọ́, àwọn tó máa ń wúwo ju 4,000 lb lọ? Hook tó wà nídìí mọ́tò ò túmọ̀ sí pé mọ́tò náà lágbára, $200 lásán ni hook, ẹnikẹ́ni ló lè lọ rà á kó dè é mọ́dìí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ ti rí ẹni tó ń fi tiẹ̀ fà á. Èmi náà ti rí i. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ iye ìgbà tó ti pààrọ̀ géà.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ni píkọ́ọ̀pù gidi, irú Tundra, F-150, Silverado. Kẹ́ ẹ má sì fi orúkọ rà á, F-150 méjì lè jọra bí àwọn ìbejì yín kí agbára wọn má dọ́gba rárá, torí ẹ́ńjìnnì, géà ẹ̀yìn àti irú bọ́dì ló ń pinnu ẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo inú manual. Tẹ́ ò bá sì ní píkọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀, tí mọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń rà ò ju méjì lóṣù lọ, ká sọ tòótọ́, ẹ máa san owó onítówìn yín lọ jàre, $400 lóṣù ò lè gbọ́ bùkátà Tundra, ká má tíì sọ ti tírélà. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí ò dùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé píkọ́ọ̀pù ti wà. Pépà ló kàn, kì í ṣe irin. Ní Texas, tírélà tí ìwọ̀n òun àti ẹrù ẹ̀ bá ju 4,000 lb gbọ́dọ̀ ní title, èyí tó ń gbé mọ́tò sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọkùnrin yẹn ní tiẹ̀ sọnù. Ó dáa, title tó sọnù kì í ṣe òkú, TxDMV, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé mọ́tò, á tẹ òmíràn fún ẹni tórúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé wọn, owó ẹ̀ ò sì tó owó jọ̀lọ́ọ̀fù àwo kan. Ẹ sọ fún un pé, "Bọ̀dá, ẹ lọ gba tuntun, mo máa fi $100 lé owó yín." Tí nǹkan bá mọ́, á lọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre, tó ní ọ̀rẹ́ òun ló ni ín, tó ní òun ò ráyè, tó ní gbogbo èèyàn ló ń rà á bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbọ́dáhùn yín, torí tírélà rọrùn jí ju adìẹ lọ, kò sẹ́ńjìnnì, kò sí kọ́kọ́rọ́, èèyàn á kàn fìdí mọ́tò sún mọ́ ọn lóru ni, ó di àwátì.

Tí title bá wà, ẹ wá VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, lára irin ọrùn tírélà, lápá òsì ló sábà máa ń wà, ó lè jẹ́ páálí irin kékeré tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gan-an. Ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ti inú title. Níbi tó yẹ kó wà, tẹ́ ẹ bá rí ihò ìṣó méjì àti ọ̀dà tuntun, ẹ yáa máa lọlé. Tó bá bára mu, ẹ má parí ẹ̀ síwájú ilé ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì Tax Assessor-Collector ti county (ìjọba ìbílẹ̀) yín, ẹ jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 130-U, ti ìyípadà title, níwájú wọn, ẹ san owó orí 6.25%, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ka owó fún un. Ẹni tó fẹ́ ta nǹkan tòótọ́ ò ní sá fún ọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá lọ, ọjọ́ 30 lẹ ní láti yí i padà sórúkọ yín.

Ó wá ku tírélà gan-an. Ọ̀dà dúdú tó ń dán yẹn ni ò jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tó ń kun tírélà kó tó tà á, ẹ bi í pé kí ló ń bò. Tírélà ò dà bí mọ́tò tẹ́ ẹ máa wojú ẹ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, abẹ́ ló wà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ mú páálí tẹ́ ẹ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ lé, ẹ mú jáàkì dání. Ẹ wọ nǹkan tó lè dọ̀tí, kẹ́ ẹ má wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ bí ọ̀rẹ́ mi kan, tó dúró lókèèrè tó ń mi orí, tó sanwó.

Ní ọrùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu tó ń gbé bóòlù hook mì, wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n ẹ̀ sí i lórí, ínṣì 2 tàbí ínṣì 2-5/16. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń ṣeré, ẹnu ńlá lórí bóòlù kékeré á jókòó bíi pé ó wọlé, á sì fò jáde níbi gẹ́lọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Ẹ tọ gbogbo ojú wẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ pẹ̀lú ìka, ọ̀dà lè bo ìlà sísán mọ́ ojú ṣùgbọ́n ìka á mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ abẹ́ lọ, ẹ fi òòlù kékeré kan àwọn irin tó dábùú, irin tó le á dún gan-an, èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún bí agolo. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹ̀, tó bá ti jẹrà, ò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù, pákó ò wọ́n, ẹ lè fọwọ́ ara yín pààrọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kódà mo fẹ́ràn tírélà tí pákó ẹ̀ burú, torí ó ń jẹ́ kí owó ẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń ná an.

Axle, irin tó gbé táyà ọ̀tún àti òsì, méjì ló yẹ kó ní. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, axle kọ̀ọ̀kan gba 3,500 lb, ìyẹn 7,000 lb lápapọ̀, tẹ́ ẹ bá yọ 2,000 ti tírélà fúnra ẹ̀ kúrò, mọ́tò tó lè gbé ò ju 5,000 lọ. Camry, Corolla, Highlander, 4Runner, kò sí wàhálà. GX 460 ti ju ìyẹn lọ díẹ̀, Land Cruiser ń kọ́, ẹ má dán an wò, ẹ wá èyí táxle ẹ̀ jẹ́ 5,200 méjì. Tẹ́ ẹ bá wo axle lófìfo tẹ́ ẹ rí i pé ó tẹ̀ sókè díẹ̀ láàárín, ẹ má pariwo, bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ nìyẹn, kó lè tọ́ tẹ́rù bá dé. Ohun tó máa sọ fún yín pé ó tẹ̀ gan-an ni táyà, tí apá inú táyà kan bá jẹ tán tí apá ìta ẹ̀ ṣì nípọn.

Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, mo ní kọ̀ọ̀kan o, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ yí i, ẹ tẹ́tí sí i, bẹ́árìn tó dáa kì í sọ̀rọ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í, tó bá ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n, bẹ́árìn ti lọ nìyẹn tàbí nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ wá yọ fìlà kékeré tó wà lójú họ́bù, ẹ wo gírísì inú ẹ̀. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Ní Houston yìí, mi ò lè sọ èyí kó tó, lẹ́yìn ìkún omi Harvey ní 2017, tírélà tó sùn sínú omi fọ́jọ́ mélòó kan pọ̀ níta, ẹni bá fọ̀ ọ́ tó fi ọ̀dà kùn ún, ta ló máa mọ̀? Họ́bù ló máa sọ̀rọ̀.

Táyà wá ni, ibi tó ti dun èmi fúnra mi. Lọ́dún 2016 mo ra tèmi lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan lápá Conroe, $2,300. Táyà ẹ̀ nípọn, ojú ẹ̀ ò jẹ rárá, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Mo gbé Corolla lé e lóṣù kẹjọ, mo forí lé Dallas ní títì I-45, oòrùn ń yan títì bí ẹni yan iṣu. Mi ò tíì kọjá Huntsville dáadáa tí mo gbọ́ gbàà! Mo rò pé wọ́n gbá mi ni. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti fọ́n ká, rọ́bà ẹ̀ ń na fẹ́ńdà bí ẹni ń na kòbókò, ó fà á ya. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà fún wákàtí mẹ́ta, mi ò ní sípíà. Ìgbà yẹn ni mo tó ka ara àwọn mẹ́ta tó kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń kẹ́yìn, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tèmi jẹ́ 2206. Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún, ọdún 2006. Táyà ọmọ ọdún mẹ́wàá! Ìdí tí ojú ẹ̀ ò fi jẹ ni pé ẹ̀yìnkùlé bàbá yẹn ló ti ń jẹ oòrùn láti ìgbà tó ti dé. Látìgbà náà, táyà tó bá ti ju ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lọ, mo máa ń kà á sí pé kò sí níbẹ̀, mo á yọ owó mẹ́rin tuntun kúrò nínú ohun tí mo máa san. Kẹ́ ẹ sì wò ó pé ST ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀, irú ST205/75R15, ìyẹn ni ti tírélà, táyà Camry ò ṣe é gbé síbẹ̀.

Búrékì: òfin Texas ní tírélà tí òun àti ẹrù ẹ̀ bá ju 4,500 lb gbọ́dọ̀ ní búrékì tiẹ̀, àfi tẹ́ ò bá ní í sáré ju 30 máìlì ní wákàtí kan, ta ló sì máa fi 30 dé Dallas? Ẹ wo plọ́ọ̀gì iná ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́rin pẹlẹbẹ, iná nìkan ló ń ṣiṣẹ́, búrékì iná mànàmáná ò sí níbẹ̀ tàbí wọ́n ti gé wáyà ẹ̀, ẹlẹ́nu méje lẹ̀ ń wá, píkọ́ọ̀pù yín náà gbọ́dọ̀ ní brake controller, ẹ̀rọ kékeré níwájú dírẹ́bà tó máa bá búrékì náà sọ̀rọ̀. Lọ́rùn tírélà, bátìrì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn tó so mọ́ pin kan, tó jẹ́ pé tí tírélà bá já lára mọ́tò, okùn yẹn á fa pin yọ, búrékì á di táyà mú fúnra ẹ̀. Ẹ fa pin yẹn yọ nígbà tó wà lára píkọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ rọra wakọ̀ síwájú. Táyà tírélà yẹ kó kọ̀. Tó bá tẹ̀ lé yín bí ọmọ ewúrẹ́, búrékì ò sí. Látọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, Texas ò béèrè ìnṣípẹ́kṣọ̀n ààbò fún mọ́tò àti tírélà tí kì í ṣe ti òwò mọ́, torí náà kò sẹ́ni tó máa bá yín wo búrékì yìí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á, ojú yín ló kù.

Nítorí tẹ́ ẹ ní Copart, ohun kan ṣì wà. Ní yáàdì wọn, lódà ńlá ló máa bá yín gbé mọ́tò lé orí tírélà, kódà tí kò bá sí kọ́kọ́rọ́. Inú yín á dùn. Ẹ dé yáàdì tẹ́ ẹ̀ ń lọ, kò sí lódà níbẹ̀, mọ́tò ò sì ṣiṣẹ́, ẹ ń kọ́? Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé kí tírélà yín ní wínṣì, tàbí ibi tẹ́ ẹ máa so ó mọ́, kí ìrù ẹ̀ sì tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn, torí mọ́tò tó bá rẹlẹ̀, ráḿpù tó ga á họ bọ́ńpà ẹ̀ ya.

*Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti ra tèmi, tuntun ni mo rà á, axle 3,500 méjì, Silverado ni mo fi ń fà á. Tí mo bá ti tó 60, ó máa ń jù ìrù sọ́tùn-ún sósì, ọkàn mi á fò. Mo wa Camry gun orí ẹ̀, ẹ̀yìn ni mo fi wọlé kó lè rọrùn láti wà á sílẹ̀. Kí ló fà á? — Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Dallas*

Àbúrò mi, o ti dá ara ẹ lóhùn. Ẹ́ńjìnnì Camry wà níwájú, ibẹ̀ ló ti wúwo jù, ìwọ wá kọ ẹ́ńjìnnì sí ìrù tírélà. Tírélà tí ìrù ẹ̀ wúwo ju ọrùn ẹ̀ lọ, bó bá ti gba atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá kan ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Fi ojú wọlé, kó o sì sún un síwájú díẹ̀ díẹ̀ títí ìdí Silverado ẹ fi máa rẹlẹ̀ díẹ̀. Ohun tó yẹ kó tẹ bóòlù hook mọ́lẹ̀ ni 10% sí 15% gbogbo ìwọ̀n, tírélà 2,000 àti Camry 3,400 jẹ́ 5,400, a jẹ́ pé 540 sí 810 lb. Tó o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, yà síbi òṣùwọ̀n CAT Scale tó wà ní ibi táwọn dírẹ́bà ọkọ̀ ńlá ti ń bu epo, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Tó o bá sì ti rí ibi tó jókòó sí dáadáa, fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí pákó ibi tí táyà iwájú dé, kó o má bàa tún un wá lọ́jọ́ mìíì, àmọ́ mọ́tò mìíì, ìlà mìíì o.

Wò ó bóyá ọrùn tírélà náà ga ju ẹ̀yìn lọ nígbà tó wà lára Silverado. Ó yẹ kó tẹ́jú, tí kò bá tẹ́jú, ra irin hook tó rẹlẹ̀. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú ọ̀nà, má tẹ búrékì mọ́tò gbì, má sì yí ṣítíà léraléra, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, fi ọwọ́ tẹ búrékì tírélà nìkan lórí controller ẹ, á nà. Ọ̀pọ̀ táyà ST, 65 máìlì ni wọ́n ní kó má kọjá, torí náà mi ò mọ ohun tó ń lé ẹ.

O ò bèèrè, àmọ́ bẹ́líìtì mẹ́rin ni, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan, yà lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́ kó o tún un fà le, torí sípíríìngì mọ́tò máa ń rọlẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni kó o fi sípánà tún nọ́ọ̀tì táyà tírélà dè.

*Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ mi ra tírélà kan, Tundra ló fi ń fà á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tiwa nìkan ló ń gbé. Nísinsìnyí ó ti ń gbé ti àwọn ẹlòmíì fún owó, kódà ó ti lọ Louisiana lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé ìǹṣọ́ránsì ńkọ́, ó ní ti Tundra tó. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Bọ́lá, Katy*

Ìyá Bọ́lá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè. Kò tó. Ìǹṣọ́ránsì mọ́tò ìdílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kí wọ́n má pè wọ́n tó bá jẹ́ pé owó lèèyàn fi ń ṣe, mọ́tò onímọ́tò tó wà lórí tírélà ò sì sí nínú ẹ̀ rárá. Tí Lexus ẹni ẹlẹ́ni bá yí gbirigbiri sí títì I-10, ọkọ yín ló máa san án, ìyẹn ẹ̀yin méjèèjì. Ti iṣẹ́ wà, tó ní ti ẹrù tó wà lórí ẹ̀ nínú, ó wọ́n ju tiyín lọ dáadáa.

Nǹkan kejì ni ti Louisiana yẹn. Bó bá ti di pé èèyàn ń fi gba owó, tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára mọ́tò àti ti tírélà lápapọ̀ bá ju 10,000 lb, ìjọba àpapọ̀ ní kó gba nọ́ńbà USDOT, ti iléeṣẹ́ ìrìnnà wọn. Tundra á tó bíi 7,000, tírélà 7,000, 14,000 nìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ kà á. Láìsẹnì CDL, ti awakọ̀ ọkọ̀ ńlá, ò kàn án, ìyẹn di 26,001 lb, kó má lọ jẹ́ kẹ́nì kan dẹ́rù bà á lórí ìyẹn kó wá fi gbogbo ẹ̀ tì. Ẹ má fi ìbínú bá a sọ ọ́ o. Ọkùnrin tó bá ń rówó nídìí nǹkan, tí wọ́n bá fi òfin kọlù ú, á ní ẹ̀tanú ni. Ẹ kàn bi í bóyá òun ló máa san Lexus yẹn tàbí ẹ̀yin.

*Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Ìbàdàn. Àwọn onítówìn tó ń fọkọ̀ gbé mọ́tò níbí ń gba owó gọbọi. Àbúrò mi wà ní Houston, mo fẹ́ kó ra irú tírélà yẹn ní tokunbọ̀, kó kó o sínú kọ̀ntéénà fún mi, mo ní Hilux. Ṣé á wọlé? — Ọmọ Àgọ́, Ìbàdàn*

Kò ní í wọlé bó ṣe wà yẹn. Fífẹ̀ inú kọ̀ntéénà ò ju mítà 2.35 lọ, tírélà yẹn tòun ti fẹ́ńdà ẹ̀ á tó ínṣì 102, ìyẹn mítà 2.59. Tí wọ́n bá yọ fẹ́ńdà àti táyà, axle gan-an ṣì sábà máa ń gùn ju ẹnu kọ̀ntéénà lọ, àfi kí wọ́n tú u, kí wọ́n wá rọra ti pẹpẹ ẹ̀ wọlé lórí nǹkan, nígbà yẹn ó ti gba ààyè tó yẹ kí mọ́tò kan gbà.

Èmi ò ní í gbé irin gba orí òkun lọ sí Ìbàdàn. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ kún bẹ̀, wọ́n ń rọ géètì, wọ́n ń rọ bọ́dì tírélà ńlá. Ohun tí wọn ò lè rọ lẹ máa ní kí àbúrò yín rà: axle méjì tó ní búrékì pẹ̀lú họ́bù ẹ̀, sípíríìngì, bẹ́árìn tó pọ̀ dáadáa, coupler (ẹnu tó ń gbé bóòlù hook mì), plọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu méje àti controller. Gbogbo ẹ̀ á wọ ẹ̀yìn mọ́tò kan nínú kọ̀ntéénà, gbogbo iná ẹ̀ sì jẹ́ fóltì 12 bíi ti Hilux yín. Ẹ wo inú ìwé Hilux náà kẹ́ ẹ mọ ohun tó lè fà kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ti àwọn kan kéré. Tí àbúrò yín bá ti rà wọ́n, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí n sọ ibi tí axle yẹ kó bọ́ sí fún wẹ́dà, torí tó bá gbé e sí àárín gbùngbùn bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ọmọlanke, á máa jù ìrù bíi ti àbúrò wa tó wà ní Dallas.